Irin Òṣùwọ̀n Adérógbà

Dayton, Ohio
Ọjọ́ kejì oṣù kejì, 2025

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìdúró ẹnu ààrò. Ṣé ẹsẹ̀ òsì yín ti ń gbọ́ oògùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpara Ìyá Fathiat onídìrí nìkan wò ó, ẹ lọ rí dókítà. Níbí, yìnyín ti bo ilẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ léra wọn, ẹsẹ̀ mi ṣì ń kú.

Ẹ béèrè lọ́jọ́sí pé irú digirì wo ni a ń fi ọdún méjì kà. Àsóṣíéétì ni wọ́n ń pè é, Mà. Ọdún méjì ni mo fi ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré yìí. Bí mo bá ṣe dáadáa, yunifásítì ńlá kan á gbà mí fún ọdún méjì tó kù, wọn ò sì ní gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ni wọn yóò mú àwọn tí wọ́n fẹ́. Bí wọn ò bá mú mi, ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí nìyẹn.

Ìròyìn ayọ̀ wà o! Olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ̀wé nípa ọjà kan tó mọ̀ dénú. Àwọn yòókù kọ nípa epo mọ́tò, wọ́n kọ nípa fóònù. Èmi kọ nípa búrẹ́dì Sókótó. Nípa yín ni mo kọ ọ́, Mà. Olùkọ́ kà á sókè fún gbogbo kíláàsì, ó sì ní ìwé yẹn gan-an ni òun yóò fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Wọ́n ti gbé e sórí ojú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé máa rí i.

Mo fi í mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ má jẹ́ kí òyìnbó inú rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Orúkọ yín ni kí ẹ máa wá. Mo kà á, ìgbà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúbùsọ́lá


Sama Road, Sókótó
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì, 2025

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí àwọn tó ń bá ọ gbélé. Ẹsẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀, kò pa mí, kò sì fi mí sílẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí kí n tó yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Fóònù pípè kì í jẹ́ kí n bínú dáadáa. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ọkàn mi á ti rọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ á sì fọ́n ká. Ìbínú tòní kò pọ̀. Ìyá Fathiat ló ní digirì ọlọ́dún méjì, àbọ̀ digirì ni. Mo dá a lóhùn pé irun tí òun náà ń dì, àbọ̀ orí ni! A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ọmọ mi, o ṣeun. Mo rí orúkọ mi. Mo gbé ìwé náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní aláwọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí èéfín má baà bà á jẹ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ níwájú, níbi tí oníbàárà á ti máa rí i bó ti ń gba búrẹ́dì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn ará Sókótó ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ mi dà.

Àmọ́ kí lo tilẹ̀ kọ gan-an? Ṣẹ̀yẹ, kọ́pà ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ní òun yóò wá kà á fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n wá gbọ́. Máa jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ,
Àyọ̀ká


Sama Road, Sókótó
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì, 2025

Olúbùsọ́lá,

Ikú dé! N kò ní kí ọ lónìí, nítorí ìwọ náà kò bi mí kí o tó tà mí.

Ṣẹ̀yẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Èèyàn kún iwájú ìsọ̀. Ó ń kà á ní òyìnbó, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún mi, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún àwọn aládùúgbò, ó ń pariwo bí ẹni ń wàásù. Bashir, tí ààrò tirẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà Kara, wà láàárín èrò. Èmi ni mo pè é. Èmi fúnra mi ni mo pè é, Bùsọ́lá!

Ìwọ náà mọ àdéhùn ẹgbẹ́. Ní 2023 tí fúláwà wọ́n bí ojú, gbogbo àwa tí a ń ṣe búrẹ́dì jókòó sílé Alájì Mamman tó jẹ́ alága wa. A ní a ò ní fi kún owó búrẹ́dì kékeré, nítorí tálákà ò ní rí i rà. Ìwọ̀n ni a ó dín. Alága fún kálukú ní irin òṣùwọ̀n tuntun, tó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, kí búrẹ́dì ẹnì kan má baà tóbi ju ti ẹnìkejì. A búra pé ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà kò ní jáde.

O wá kọ ọ́ fún òyìnbó. O tilẹ̀ ní ìyá rẹ nìkan ni kò lo irin tuntun náà, pé irin ọkọ rẹ̀ ló ṣì ń lò, pé búrẹ́dì rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn, pé ọgbọ́n tó fi ń gba oníbàárà wọn nìyẹn. Yéè! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lánàá, àwọn ẹgbẹ́ wá. Alájì Mamman fúnra rẹ̀ ló gbé igi gbọọrọ tí a fi ń wa búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Ìwọ mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá ti gbé igi yẹn, ẹnikẹ́ni nínú Sókótó kò gbọdọ̀ yá èèyàn ní òmíràn. Ó wò mí, ó ní, "Haba, Mama Busola, har da ke?" Ìwọ náà kẹ̀? Ọkùnrin tó ra igi ìdáná fún mi nígbà tí bàbá rẹ kú, tó ní ààrò Adérógbà kò gbọdọ̀ tutù. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Oṣù tí búrẹ́dì ń tà jù lọ́dún, ààrò mi tutù. Lẹ́yìn Ìtúnu ni wọ́n ó ṣèpàdé. Bí mo bá jẹ̀bi, wọn yóò gba ààrò lọ́wọ́ mi títí láé.

Yọ ìwé yẹn kúrò níbi tí o gbé e sí. Kí o sì kọ òmíràn pé irọ́ ni o pa.

Àyọ̀ká


Dayton, Ohio
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, 2025

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe tán. Ẹ forí jì mí. Omijé ni mo fi ka lẹ́tà yín.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. N kò lè kọ ọ́ pé mo purọ́. Ní ilé ìwé ìhín, ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé òun parọ́ nínú iṣẹ́, wọ́n á lé e ni. Bí mo bá sì yọ ìwé náà ṣáájú ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, kí ni yunifásítì yóò wò? Ọdún méjì ni mo fi ń nu ìdí àwọn arúgbó òyìnbó lálẹ́, tí mo ń lọ sí kíláàsì láàárọ̀. Ìwé yẹn nìkan ni mo ní.

Irọ́ kọ́ sì ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti irin tuntun bọ abẹ́ àpò fúláwà, pé ti Bàbá lẹ ṣì ń lò. Ẹ tún rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ ní àwọn èèyàn ń ti Kofar Marke wá ra tiyín. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nìyẹn: bí gbogbo ọlọ́jà bá fohùn ṣọ̀kan, ẹni kan ṣoṣo tó bá yẹ àdéhùn lábẹ́lẹ̀ ló ń jèrè. Mo rò pé ìyìn ni mò ń yìn yín.

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ. Ta ló ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri?

Ọmọ yín,
Bùsọ́lá


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, 2025

Ìyá mi,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún rèé. Mo pè, ẹ ò gbé e. Mo pe Ìyá Fathiat, ó ní ẹ wà láàyè, ẹ jókòó sẹ́nu ààrò tó tutù, ẹ ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ ti bá òun parí ìjà, kí n fi mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó.

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà èébú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ògiri, mo gbé e mì.

Bùsọ́lá


Sama Road, Sókótó
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, 2025

Àṣàkẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Jókòó kí o tó ka èyí.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí fún ọ. O ní mo gbọ́n, pé mo fi irin bàbá rẹ gba oníbàárà. N kò gbọ́n, ọmọ mi. Ọjọ́ tí Alájì fún mi ní irin tuntun, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ọwọ́ mi kọ̀. Irin bàbá rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú sẹ́nu ààrò. Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń dì í mú ń dán títí dòní. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e sọnù? Ohun tó fà á kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mo fi ń yangàn fún ọ lórí fóònù, ẹnu lásán ni.

Ìpàdé wáyé níjẹta. Gbogbo wọn pé. Ọlátẹ́jú wẹ́dà, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ní Kofar Marke, wà níbẹ̀, nítorí òun ló ń gé irin fún ẹgbẹ́. Mo gbé irin bàbá rẹ dání, mo fi ìborí mi wé e. Mo ti pinnu pé mi ò ní purọ́. Mo ní, "Òun rèé. Òun ni mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ẹ ṣe èyí tó bá wù yín."

Alájì Mamman gbé òṣùwọ̀n alápá méjì kalẹ̀. Ó fi irin ẹgbẹ́ sí apá kan, ó fi ti bàbá rẹ sí apá kejì. Mo ń retí kí ti bàbá rẹ já wálẹ̀. Ti ẹgbẹ́ ló já wálẹ̀, Bùsọ́lá. Ti bàbá rẹ fò sókè.

Ó tún un wọ̀n. Ó pààrọ̀ apá, ó tún un wọ̀n. Ti bàbá rẹ fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Bashir bú sẹ́rìn-ín. Alájì kò rẹ́rìn-ín. Ó dojú irin náà dé, ó fi èékánná họ ìdí rẹ̀, amọ̀ àti ọ̀dà dúdú sì ń wó jáde. Ihò wà nínú rẹ̀. Ihò jíjìn.

Ọlátẹ́jú dìde. Ó ní òun lòun lu ihò náà. Ó ní ní 2017, ọdún tí a mú ọ lọ sí ilé ìwé àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ wá bá òun, ó ní òun kò fẹ́ kí o padà wálé ní àárín ọdún nítorí àìrówó ilé ìwé san. Ó ní bàbá rẹ sunkún nígbà tí irin ń lu irin. Ó sì mú kí òun búra pé òun ò ní sọ fún mi.

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Ọdún yẹn ni bàbá rẹ ní ká máa fi kún yíìsì. Ó ní kí búrẹ́dì lè rọ̀ ni. Búrẹ́dì ń wú, ó ń kún agolo, kò sì sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Kofar Marke wá nítorí pé ó rọ̀! Èmi ń jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi láti ọdún méjì, mò ń pè wọ́n ní olè nínú ọkàn mi. Ilé mi ni olè wà.

Wọ́n dá igi mi padà. Alájì ní n kò jẹ̀bi, pé búrẹ́dì mi kò tóbi ju ti ẹnikẹ́ni. Mo gbé igi náà relé.

Nísinsìnyí, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Má yọ ìwé yẹn mọ́. Jẹ́ kí ó wà bí ó ti wà. Ẹgbẹ́ ti pa ẹnu mọ́, Ọlátẹ́jú náà ti pa ẹnu mọ́. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Kí wọ́n gbà ọ́ sí yunifásítì. Kí bàbá rẹ sì máa jẹ́ ẹni tí irin rẹ̀ pé, ì báà ṣe nínú ìwé òyìnbó nìkan.

Ìyá rẹ


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 2025

Ìyá mi, Àyọ̀ká mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ kú ojú tó rí nǹkan. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mo bá a dé òpin ìlú, awakọ̀ ló ní kí n bọ́ sílẹ̀.

Ẹ ó bínú sí mi. Mo ti sọ fún olùkọ́ mi.

Mo gbìyànjú láti dákẹ́, Mà. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbìyànjú. Kò ṣeé ṣe. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i pé ilé ìwé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́kọ́ ka ìwé ọrọ̀ ajé. Inú ihò yẹn ló ti wá. Àwọn tálákà Sókótó ló jẹ búrẹ́dì òfìfo kí n lè lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún fi irọ́ rẹ̀ wọ yunifásítì?

Olùkọ́ mi ṣí ìwé náà. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lo fi wọ̀n ọ́n?" Mo ní ìyá mi ló sọ fún mi. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n. Òótọ́ ló sọ. Mo kọ ojú ewé mẹ́rìnlá nípa ìwọ̀n búrẹ́dì, n kò gbé búrẹ́dì kan ṣoṣo sórí òṣùwọ̀n.

Wọ́n ti yọ ìwé náà kúrò. Wọn ò lé mi, nítorí èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Àmọ́ olùkọ́ ní òun kò lè fọwọ́ sí i fún yunifásítì mọ́. Ti ọdún yìí ti lọ. Màá gba àsóṣíéétì mi lóṣù tó ń bọ̀, màá sì tún ìwé náà kọ látìbẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n á wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn ò ní wò ó.

Mo kà á fún yín nígbà yẹn pé orúkọ yín wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Mo padà wá orúkọ Bàbá. "Ọkọ rẹ̀ tó ti kú" ni mo kọ. N kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mà. Mo ń bínú sí i, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó tó ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mọ́.

Bùsọ́lá


Sama Road, Sókótó
Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, 2025

Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé ó ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ. Ìbínú ló jẹ mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ọmọ tí mo bí ti tú bàbá rẹ̀ sí ìhòòhò lójú òyìnbó. Mo kọ lẹ́tà méjì sí ọ, mo sì sọ méjèèjì sínú ààrò. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo gbé irin náà lọ bá Ọlátẹ́jú. Mo ní, "Ìwọ lo lu ihò yìí. Dí i." Ó yọ́ òjé, ó dà á sínú rẹ̀ títí ó fi kún dẹ́nu, ó fi fáìlì ra á. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Alájì Mamman, a tún un wọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, ó já wálẹ̀. Alájì gbé e sórí pẹpẹ ilé rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí fúláwà bá wálẹ̀, irin yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò padà sí.

Irin ẹgbẹ́ ni mò ń lò báyìí, mo sì ti dín yíìsì kù. Búrẹ́dì kéré lójú, ó le díẹ̀. Àwọn oníbàárà ń kùn, àwọn kan ti lọ bá Bashir. Mo ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé bó ṣe tóbi mọ nìyí, pé afẹ́fẹ́ ni mo ti ń tà fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìyá Fathiat ní mo ti ya wèrè. Síbẹ̀, méjì ló ń rà láràárọ̀.

Nípa àbọ̀ digirì rẹ, gbà á. Wọ aṣọ wọn, dé fìlà wọn, kí o ya fọ́tò fún mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà.

Mo ti wọn ogún búrẹ́dì fún ọ, Ṣẹ̀yẹ sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà nínú fọ́tò kejì. Ibi tí mo lẹ ìwé àkọ́kọ́ mọ́ lára ògiri ṣì funfun, èéfín kò tíì bò ó. Bí o bá parí tuntun, fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni màá lẹ̀ ẹ́ sí. Kọ ihò náà sínú rẹ̀, kọ ìdí tó fi lù ú. Kí o sì dárúkọ rẹ̀ pé pérépéré: Adérógbà Jọláyẹmí.

Ìyá rẹ,
Àyọ̀ká